Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Rì Lórí Adágún

Ọkọ̀ kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Léonce Gaudreault gbọ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ni ó ń pe ọkọ̀ yìnyín tirẹ̀. Bí ó bá ń ròyìn rẹ̀ fún àlejò, pé Ìyá Àgbà wúkọ́ láàárọ̀ yìí, pé Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn epo tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, àlejò á máa bá a kẹ́dùn, á ní Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Pákó ni ara ọkọ̀ náà, fèrèsé rẹ̀ rí róbótó bí àwo ìjẹun, pátákó méjì tí ń yọ̀ lórí yìnyín ni ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì jẹ́ bẹ́líìtì gígùn onírin bíi ti katakata tí ń la ọ̀nà. Léonce rí i nínú igbó lẹ́yìn oko ẹnì kan, níbi tí adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe, pákó kan lẹ́yìn òmíràn.

Gaétane ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí ilé bá ń jó, Ìyá Àgbà ni ọkọ òun á kọ́kọ́ sáré lọ gbé jáde, kó tó rántí pé òun níyàwó. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀ náà, òun ló sì máa ń jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú fúláàsì kọfí lórí itan bí wọ́n bá ń la adágún Loutre kọjá. Kò wà á rí. Kí ni yóò wà á fún, nígbà tí Léonce wà níbẹ̀?

Nígbà tó di ìgbà ìwọ́wé, ẹ̀dọ̀fóró Léonce dá iṣẹ́ sílẹ̀. Rọ́bà tín-ín-rín wọ ihò imú rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan tí ń pèsè afẹ́fẹ́ fún un jókòó sí pálọ̀, ó ń kùn tọ̀sán tòru. Bí yóò bá jáde, ìgò afẹ́fẹ́ kékeré ni yóò gbé dání, ìyẹn kì í sì í pẹ́ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́ débi tí yóò fi tẹ iná ọkọ̀, irin abẹ́sẹ̀ tí ń mú un sáré. Gaétane yọ́ pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá ọkọ òun á rí òjò dídì ọdún tó ń bọ̀. Dókítà wolẹ̀. Gaétane kì í ṣe òmùgọ̀, ó yé e.

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹta bá ti dé, àwọn tó ní irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ a máa kó ara wọn jọ, wọ́n á la adágún kọjá lọ sí ibùdó Odilon, olórí ẹgbẹ́, ní òdìkejì. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti omi dídùn igi mápù sè, wọ́n á purọ́ fún ara wọn nípa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì padà sílé. Léonce ní òun máa lọ.

"Ta ló máa wà á?" Gaétane bi í.

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo fọ́ iná ẹ̀yìn mọ́tò mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì lórí adágún."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Léonce jókòó tì í pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́ láàárín ẹsẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọmọ ní rírìn. Ohun púpọ̀ ló sọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló tẹnu mọ́ jù: "Tó o bá ti wọ ẹrẹ̀ yìnyín, má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ohun yòówù tó o bá gbọ́, ohun yòówù tó o bá rí. Má gbẹ́sẹ̀."

Ẹrẹ̀ yìnyín yìí, ọ̀tá ni. Bí òjò dídì bá pọ̀ jù lórí adágún, ìwúwo rẹ̀ á tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, omi á gba ojú ibi tó sán yọ sókè, á sì fara pamọ́ sábẹ́ òjò dídì. Lókè, ó mọ́ bí aṣọ ibùsùn tuntun. Nísàlẹ̀, ẹ̀kọ tútù ni. Ọkọ̀ tó bá ń sáré á kọjá lórí rẹ̀, èyí tó bá dúró á rì. Bí òòrùn bá sì wọ̀ tí òtútù sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀kọ yẹn á dì gan-an mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, kò tún sí ẹni tí yóò tú u, àfi ìgbà tí adágún bá yọ́, tí yóò sì gbé ọkọ̀ náà mì.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ náà ní òfin tiwọn lórí ọ̀ràn yìí. Wọn kì í fi ẹni tó rì ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi jáde. Èkejì, ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń jáde. Ẹ lè fà á, ẹ lè tì í, ṣùgbọ́n ẹni tó bá a wọlé ni yóò bá a jáde. Àwọn àgbààgbà kan nínú ẹgbẹ́ ti fi ìbà jókòó sínú ọkọ̀ wọn nítorí òfin yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i bí ohun ìyanu.

Òòrùn ràn lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Odilon ló ṣíwájú, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà ló kẹ́yìn, nítorí Léonce ní arúgbó kì í bá ọmọdé sáré. Gaétane di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, kò wo ọ̀tún kò wo òsì.

"Sinmi díẹ̀, kì í ṣe màlúù lo dì mú," Léonce wí.

"Màlúù sàn. Màlúù mọ ọ̀nà ilé."

Léonce rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, ó gbé ọwọ́ lé pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Gbọ́ bó ṣe ń kọrin, Gaétane. Mo ti rò pé mi ò ní gbọ́ ọ mọ́." Ojú rẹ̀ ń dán, ara rẹ̀ yá. Láti ìgbà ìwọ́wé, Gaétane kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ní àárín adágún, ohùn abẹ́ ọkọ̀ yí padà. Ohun tó ń dún gbà-gbà-gbà tẹ́lẹ̀ wá ń dún ṣàwàṣàwà, ọkọ̀ sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹrẹ̀ yìnyín nìyẹn. Gaétane rántí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó tẹ iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ń lọ, ó ń lọ dáadáa. Ó yọjú wo ọkọ rẹ̀ kó lè yìn ín. Orí Léonce ti sọ̀ kalẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ wà ní àyà.

"Léonce!"

Kò dáhùn.

"Léonce!"

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná.

Léonce gbé orí sókè, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Kí lo dúró fún? Mò ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Tẹ iná! Tẹ̀ ẹ́!"

Gaétane tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí lójú kan, ó ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìdí jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyá arúgbó tí ilẹ̀ rọ̀ lọ́rùn, omi aláwọ̀ eérú sì ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Mo rò pé o ti…" Gaétane bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

"Mo mọ nǹkan tó o rò." Léonce na ọwọ́, ó fọwọ́ pa á léjìká. "Ó dáa. Gbogbo wa la ti rì rí. Tẹ fèrè fún wọn."

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ènìyàn yìí fẹ́ràn jù láyé. Wọ́n á ní ẹ̀wà ni àwọn ń lọ jẹ. Irọ́ ni. Kí ọkọ̀ ẹnì kan rì ni wọ́n ń retí. Kò pẹ́ tí fèrè dún tí gbogbo wọn fi yí padà, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn dúró sórí yìnyín tó le, wọ́n wọ bàtà alápẹ̀rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rì, wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àáké, okùn wáyà àti jáàkì, ojú wọn ń dán bí ti ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Odilon wà níwájú, ọkùnrin gìrìpá onírùngbọ̀n funfun. Ghislain tẹ̀ lé e, òun tó gun alùpùpù yìnyín wá, èyí tó fúyẹ́ tí kì í rì, ẹni tí Léonce kọ́ níṣẹ́ mẹkáníìkì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ghislain dúró, ó wo ọkọ̀, ó wo Gaétane, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ghislain, òfin o," Odilon kìlọ̀.

"Èmi ò sọ nǹkan kan. Màmá Gaétane, ṣé mo sọ nǹkan kan? Ó kàn jọ pé Ìyá Àgbà fẹ́ fẹsẹ̀ sómi ni, ẹsẹ̀ arúgbó, ẹ mọ̀ pé ó máa ń dùn wọ́n."

"Tó bá ti jáde, màá gbọ́ tìẹ," Gaétane fèsì. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi fáànù, nítorí náà Odilon ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì kó má baà bàjẹ́. Àwọn kan lọ gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ wá láti etí adágún. Àwọn kan ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ jáde, bí wọ́n ṣe ń kó o ni omi ń rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ki igi gígùn bọ abẹ́ ìdí ọkọ̀, àwọn mẹ́ta gùn ún lórí kó lè gbé ìdí sókè, Ghislain sì dọ̀bálẹ̀ sínú omi láti ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ bẹ́líìtì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n ń sọ̀yà náà dáadáa.

Léonce yọ orí lójú fèrèsé róbótó, ó di ọ̀gá lórí gbogbo wọn.

"Ghislain! Ìdùbúlẹ̀ ni kó o fi igi yẹn sí, kì í ṣe òòró! Mi ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀!"

"Bàbá Léonce, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ tútù ti wọ sòkòtò mi!"

"Ó máa wúlò fún ẹ! Odilon, jáàkì yẹn máa rì. Fi pákó sábẹ́ ẹ̀."

"Mo ti fi pákó sí i, arúgbó yìí!"

"Pákó tóró ni. Wá èyí tó fẹ̀."

Ó tọ̀nà, pákó tóró ni, jáàkì sì rì lóòótọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Léonce rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Bí mo bá sọ pé inú rẹ̀ dùn, mo bù ú kù. Ọkùnrin tí wọ́n ti ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin tún ń bú u, òun náà ń bú wọn padà.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pa ló ń mú inú ọkọ̀ gbóná. Òòrùn ti ń rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ti ń mú bí abẹ. Gaétane wọlé láti fún un ní kọfí, ó rí i pé ètè rẹ̀ ti dúdú. Ó wo ìgò afẹ́fẹ́, abẹ́rẹ́ tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tó kù hàn ti wá sí ìsàlẹ̀. Ìbẹ̀rù tó mú un gbẹ́sẹ̀ lórí iná tún dìde nínú rẹ̀.

"O máa lọ sílé," ó sọ fún un. "Ghislain máa fi alùpùpù yìnyín gbé ẹ."

"Ó ti fẹ́ jáde, Gaétane. Jẹ́ n jókòó sínú ẹ̀ títí tó máa fi jáde. Lẹ́yìn náà, ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o gbé mi lọ."

"Ètè ẹ ti dúdú."

"Ètè arúgbó ni."

"Afẹ́fẹ́ ìgò yìí ti fẹ́ tán."

"Ẹ gbé mi lọ sí ibùdó Odilon nígbà náà. Iná ń jó níbẹ̀. Màá máa wò ó lójú fèrèsé."

"Ibùdó Odilon ò níná mànàmáná. Ẹ̀rọ ẹ wà nílé. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, báwo ni ọkọ̀ aláìsàn ṣe máa débẹ̀? Sọ fún mi!"

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Òótọ́ yẹn ló sì ń dun Gaétane jù, nítorí ká ní irọ́ ni, ì bá mọ ibi tí ẹ̀bi òun wà.

Odilon gbọ́ ohùn wọn, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, òógùn ti dì mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. "Gaétane, fún un láyè díẹ̀ sí i. A ti fẹ́ fi wáyà kọ́ ọ báyìí. Ọkọ̀ ẹ̀ ni. Ó yẹ kó wà nínú ẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo máa bá mi sin ín?" Gaétane jágbe mọ́ ọn.

Gbogbo ṣọ́bìrì dákẹ́. Odilon bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó tún dé e padà.

Léonce náà kò jiyàn mọ́, ìyẹn gan-an ló yẹ kó ta Gaétane lólobó. Léonce tó lè jiyàn lórí nọ́ọ̀tì kan láti àárọ̀ dalẹ́! Ó jẹ́ kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀ bí àpò, kí wọ́n fi kúbùsù wé òun, kí wọ́n sì tẹ́ òun sínú àpótí kékeré bíi pósí tí alùpùpù Ghislain ń wọ́ lórí yìnyín. Kò wo Gaétane. Ọkọ̀ ló ń wò. Bí alùpùpù ṣe ń lọ, ó yí ọrùn padà, ó ń wò ó títí kúbùsù fi bo ojú rẹ̀.

Wọn kò tíì lọ jìnnà nígbà tí Odilon kọ́ wáyà mọ́ ọkọ̀ méjì tó wà lórí yìnyín líle, tí ó ní kí Gaétane tan ẹ́ńjìnnì. Ìyá Àgbà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dáhùn. Wáyà le koránkorán. Odilon ju ọwọ́ sísàlẹ̀, Gaétane tẹ iná, igi abẹ́ bẹ́líìtì ń fọ́ pẹ́-pẹ́-pẹ́, ọkọ̀ náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó gun orí igi, ó fa ara rẹ̀ yọ nínú ẹ̀kọ yẹn pẹ̀lú ariwo ńlá. Gbogbo wọn hó yèè, wọ́n ju fìlà sókè. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù wọn wo ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gaétane, ariwo náà sì já.

"Má dúró!" Odilon pariwo. "Má dúró o! Ibùdó ni kó o gbé e lọ, kí omi má baà dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀!"

Lọ́tẹ̀ yìí, Gaétane kò gbẹ́sẹ̀. Ó wà á lọ tààrà sí ibùdó, ó ń yí i káàkiri níbẹ̀ títí omi fi fọ́n dànù kúrò lára bẹ́líìtì, wọ́n sì gbé e gun orí igi. Ọ̀nà ilé gba ojú ẹrẹ̀ yẹn kọjá, kò sí ẹni tí yóò gbé e gba ibẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n bu ẹ̀wà fún un, kò lè jẹ ẹ́. Wọ́n láṣẹ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wàyí, ọkọ̀ ti jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ghislain padà wá mú un pẹ̀lú alùpùpù. "Ara Bàbá Léonce balẹ̀, Màmá," ó sọ fún un. "Wọ́n ti wọ ẹ̀rọ wọn. Wọn ò kàn sọ̀rọ̀ lọ́nà ni."

Nígbà tí Gaétane wọlé, ẹ̀rọ ń kùn ní pálọ̀, ètè Léonce sì ti padà sí àwọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sí ojú fèrèsé tó kọjú sí adágún. Rọ́bà wà nímú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù òtútù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà wà lórí, ó sì so okùn bàtà rẹ̀ dé òkè. Rolande, aládùúgbò wọn tó wá jókòó tì í, na ọwọ́ méjèèjì.

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó bọ́ ọ," Rolande wí. "Ó ní o ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Ó ní tó o bá ń kọjá lọ sí gáréèjì, òun máa jáde wọ̀ ọ́ títí débẹ̀."

Léonce ti yíjú padà. Ó wo ẹ̀yìn Gaétane, gba ẹnu ọ̀nà jáde, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí ohun kan ṣì wà lẹ́yìn alùpùpù Ghislain.

"Ó jáde?"

"Ó jáde."

"Ibo ló wà?"

"Ó wà ní ibùdó Odilon. Ẹrẹ̀ yẹn wà lójú ọ̀nà, a ò lè…"

"Rárá, ẹ ò lè gbé e padà. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà." Ó mi orí, bí mẹkáníìkì ṣe ń mi orí sí mẹkáníìkì. "Ẹ gbé e sórí igi?"

"A gbé e sórí igi."

"O ṣeun."

Ká ní ó bínú ni! Ká ní ó pariwo mọ́ ọn, kó bú u, kó ju ife mọ́ ògiri, Gaétane ì bá rí ibi di mú. Ó dúpẹ́ ni.

"Báwo ló ṣe dún?" Léonce bi í. "Nígbà tó ń jáde."

Gaétane la ẹnu. Kò rántí. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́ lórí adágún yẹn, ohun tó sọ sí Odilon, kò gbọ́ ohun mìíràn. "Ó dún dáadáa," ó wí.

"Dáadáa báwo?"

Léonce bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú okùn bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ooru dé láìròtẹ́lẹ̀ tí yìnyín adágún sì bàjẹ́, Ìyá Àgbà lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní òdìkejì omi. Léonce rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, kò rí òpin rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló sọ fún Gaétane pé òun ló fi oṣù wọ̀nyẹn kún ọjọ́ ọkọ rẹ̀, Odilon náà sọ ọ́, dókítà sọ ọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Òun tó wà nílé mọ bí Léonce ṣe lò wọ́n, lórí àga kan ṣoṣo lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ sórí omi. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ṣé Gaétane ni yóò rí i?

Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò tíì mọ gbogbo ìyẹn. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó tú okùn bàtà náà, ó bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Omi adágún ń kán lára bàtà Gaétane, ó ti ń ṣe adágún kékeré sílẹ̀. Ti Léonce gbẹ.